Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ Lórí Mọ́tò: Ẹlẹ́rù Ni Kí A Bi

  Onitsha ni mo wà tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Ọjà ni mo wá rà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wa ní Lọ́kọ́jà tún fi iṣẹ́ kan rán mi, pé kí n ra ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí i kí omi tó kún. Kí n tó gbé wọn kúrò níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀ka mìíràn náà ti ń dá owó irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an, kò sì fi gbogbo ara dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ń kọ kìkì ohun tí ó buyì kún un, ìwé ẹgbẹ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá ń gbé Lọ́kọ́jà kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń ra ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Nígbà tí omi yalé ní ọdún 2012, ènìyàn 363 ni wọ́n kà pé ó kú káàkiri Nàìjíríà. Ti ọdún 2022 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kú ju 600 lọ, àwọn tí ó sá kúrò nílé wọn sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, omi bo títì ní Koton-Karfe, mọ́tò tí ó ń lọ sí Àbújá kò lè kọjá, ọkọ̀ epo tò lọ súà lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ni a sì fi ń gbé ènìyàn kọjá níbi tí mọ́tò ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀, àwọn kan sun orí àjà fún ọjọ́ méjì, nítorí pé owó tí àwọn ọlọ́pẹ̀ẹ́rẹ́ ń bèèrè ju agbára wọn lọ.

Ní oṣù kẹwàá kan náà, ní ọjọ́ 7, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Ogbaru, tí kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń sá fún omi ni. Wọ́n ní wọ́n tó 85, ìjọba sì kéde pé 76 ni ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ẹ wo bí gbogbo wọn ti há mọ́ inú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí rèé tí ẹ̀ka wa fi sọ pé a kò ní dúró de ọkọ̀ ẹlòmíràn mọ́, tí a sì dá owó.

Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rà kì í ṣe ti igi. Ti fáíbà ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, ọkùnrin mẹ́rin sì lè gbé e láìmí hẹlẹ. Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí a kò fi odò gbé e lọ. Lóòótọ́, ọ̀nà odò yìí ni bàbá wa Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, gbà lọ sókè ní 1854 àti 1857, nígbà tí ó wá dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Onitsha níbí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń fi èéfín ṣiṣẹ́ ni ó wọ̀. Láti Onitsha dé Lọ́kọ́jà, omi ni ìwọ yóò máa dojú kọ. Bí ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ kò bá ní ẹ́ńjìnnì, ta ni yóò fi àjẹ̀ wà á dé ibẹ̀? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, yanrìn máa ń yọ sójú omi. Nítorí náà, orí ilẹ̀ ni a ń gbé e gbà, lórí káríà pikọ́ọ̀pù, nítorí pé ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù kò gùn tó ìdajì rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní ọdún 2023 ni mo kọ́kọ́ wá gbé irú ẹrù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé okùn, àwọ̀n àti ike ni mo ń tà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi okùn jẹun. Síbẹ̀ nígbà tí àwọn alábàárù gbé ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì sórí káríà, rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà ni wọ́n fi dì í, ojú méjì péré ni wọ́n sì dì. Imú rẹ̀ yọ síwájú lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí okùn kankan tí ó fà á wálẹ̀. Awakọ̀ wò ó, ó ní, "Alágbà, ṣé kí a wá okùn sí i?" Èmi ni mo dá a lóhùn pé kí ó jẹ́ kí a máa lọ, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá má bàa ká wa mọ́. Mo fẹ́ dé Lọ́kọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ gbọ́ o: èmi tí mo ń ta okùn, àpò okùn mẹ́ta wà lẹ́yìn mọ́tò kan náà, n kò sì tú ọ̀kan nínú rẹ̀ nítorí pé ọjà títà ni.

A kọjá Asaba, a kọjá Issele-Uku, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí a fi Agbor sílẹ̀ tí a dorí kọ ọ̀nà Uromi, títírela kan ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú eré. Bí ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọ abẹ́ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ òkè, ó gbé imú rẹ̀ sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Mo gbọ́ tí rọ́bà já, pàà! Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ yí, ó ṣubú sí àárín títì lẹ́yìn wa. Ọmọkùnrin kan tí ó gun ọ̀kadà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó yà fún un, ó kó sí kòtò, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń kọ́.

N kò ní gbàgbé bí ó ti jókòó sí etí kòtò tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì mú, tí kò sunkún, tí ó kàn ń wò mí. Àwọn ará abúlé pé lé wa lórí, Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹgbẹ́ san owó ilé ìwòsàn, wọ́n sì san owó oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tí kò fi lè gbé bíríkì. Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣubú là láti imú dé àárín. Títí di òní olónìí, ọ̀kan ṣoṣo ni a ní.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé, gbogbo ilé fi ọ̀rọ̀ náà lé awakọ̀ lórí. Wọ́n ní kí a má san ìyókù owó rẹ̀. Wọ́n ní òun ni ó di ìdarí mú, òun ni ó mọ títì. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìpàdé lọ́jọ́ náà. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, n kò sì là wọ́n lóye pé awakọ̀ ti bi mí léèrè, èmi ni mo sì ní kí a máa lọ. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lọ bá alága nílé láti jẹ́wọ́, tí a sì san owó ọkùnrin náà pé. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo yín lónìí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ gbọ́ ni mo jókòó lé.

Èrò mi nìyí: ẹni tí ó ni ẹrù ni kí a kọ́kọ́ bi, kì í ṣe awakọ̀. Àwọn àgbà ní, ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ. Ẹlẹ́rù ni ó ń yan mọ́tò, òun ni ó ń dá iye owó, òun ni ó ń sọ pé kí a tètè lọ. Bí ẹlẹ́rù bá fún awakọ̀ ní owó tí kò tó ra bẹ́líìtì, tí ó sì tún ń wo aago, kí ni ó kù tí awakọ̀ lè ṣe? Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà nílẹ̀ àjò fẹ́ràn àdínkù. A ó ná owó mọ́tò títí tí awakọ̀ yóò fi gbà tipátipá, a ó sì máa yangàn pé a rí i ní pọ́ọ́kú. Àdínkù náà ni ó wà nínú rọ́bà tí ó já.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tí ń kó páìpù àti pákó gígùn, àti lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn òyìnbó tí ń fi ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kayak ṣeré lórí omi náà máa ń gbé e lé orí mọ́tò wọn, ohun tí wọ́n sì ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti àwọn wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín, kí ẹ gé e kúrò nínú ìwé yìí kí ẹ fi pa mọ́.

Èkíní, ẹ mọ ohun tí òrùlé mọ́tò lè gbé. Ìwé tí ó bá mọ́tò wá a máa sọ ọ́, ti mọ́tò kan kò sì rí bí ti èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, káríà fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Bí wẹ́dà bá jó káríà yín, ẹ wo ibi tí ó jó, ẹ wo bóòtù rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní lílekoko. Bí ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ méjì bá wúwo jù, ẹ gbé e ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìrìn àjò méjì sàn ju òkú kan lọ.

Èkejì, ọ̀pá irin méjì ni kí ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ gùn, kí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn tó bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Bí ọ̀kan bá wà lórí òrùlé tí èkejì wà lẹ́yìn, ẹ rántí pé iwájú pikọ́ọ̀pù àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ara kan náà. Nínú kòtò, ọ̀kan á yí síhìn-ín, èkejì á yí sọ́hùn-ún. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wò léraléra. Ẹ dojú ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ délẹ̀ kí òjò má bàa dúró nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi fóòmù tàbí ẹní àtijọ́ sáàárín òun àti irin.

Ẹ̀kẹta, bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi dì í, ọ̀kan lórí ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan. Kí bẹ́líìtì gba abẹ́ ọ̀pá irin kọjá, kì í ṣe kí a kàn fi ìkọ́ rẹ̀ há etí òrùlé. Ẹ fà á kí ó le, ṣùgbọ́n ẹ má fà á títí tí ara fáíbà yóò fi wọnú, nítorí ibi tí ó bá wọnú ni yóò ti là. Ẹ lọ́ bẹ́líìtì náà ní ẹ̀ẹ̀kan kí afẹ́fẹ́ má bàa máa lù ú bí ìlù.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni mo ṣe àìṣe: ẹ so imú ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú mọ́tò, kí ẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Okùn méjì ni kí ó ti imú wálẹ̀, ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, kí ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ má lè yà sí ibì kan. Irin abẹ́ mọ́tò ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ike bọ́ńpà. Ẹ so ìdí okùn tí ó bá kù mọ́ra kí ó má bàa wọ abẹ́ táyà.

Ẹ̀karùn-ún, rọ́bà túùbù kì í ṣe okùn. Ó dára láti fi tẹ́ abẹ́ ẹrù kí ó má yọ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá fà á, yóò nà, ohun tí ó bá sì ń nà ń fún ẹrù láyè láti fò ni. Oòrùn a sì máa pa á jẹ. Okùn náà ní tirẹ̀: òmíràn máa ń dẹ̀ bí òjò bá pa á. Èmi tí mo ń tà á ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdí tí ó yọ sẹ́yìn kí ẹni tí ń bọ̀ lè rí i, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó bo iná tàbí nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ má fi òru rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ mú kí ẹ mì í. Bí gbogbo mọ́tò bá mì pẹ̀lú rẹ̀, ó dára. Bí òun nìkan bá mì, ẹ tún un dì.

Èkeje, ẹ dúró wò ó lẹ́yìn kìlómítà díẹ̀ tí ẹ bá ti kúrò, kí ẹ tún máa wò ó ní wákàtí wákàtí, àti lẹ́yìn ọ̀nà tí kò dára. Ẹ má sáré. Bí eré mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ẹrù á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 60 sí 100 lásán, ó ti sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Bí títírela bá ń bọ̀ níwájú, ẹ rọra.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn bàbá wa fi bọ́lẹ̀kájà kó ẹrù láti Ìbàdàn dé Kánò, okùn lásán ni wọ́n fi dì í, ó sì gúnlẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bọ́lẹ̀kájà kò mọ eré tí Hilux ń sá, títírela òde òní kò sì sí lójú ọ̀nà nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó gúnlẹ̀; àwọn tí tiwọn gúnlẹ̀ ni ó padà wálé wá sọ ìtàn.

Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ni olùṣọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A gbàdúrà kí a tó kúrò ní Onitsha ní 2023, gbogbo wa ṣí fìlà, a sì ṣe àmín. Àdúrà náà gbà, nítorí pé ọmọ náà kò kú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá ta kókó okùn tí ó wà nínú àpò lẹ́yìn mi.

Àwọn kan á tún ní owó ni kò sí. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Owó bẹ́líìtì mẹ́rin àti okùn dídára kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí a san ní ilé ìwòsàn, n kò tíì ka ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tí ó là mọ́ ọn. Ẹ sì rántí pé àlejò ni wá lójú ọ̀nà. Bí ẹrù wa bá pa ọmọ onílẹ̀, orúkọ wa kọ́ ni wọn yóò pè. "Àwọn Yorùbá yẹn" ni wọn yóò sọ, ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ rárá yóò sì jẹ nínú ìyà rẹ̀ lọ́jà.

Nítorí náà, mo fi ìmọ̀ràn mẹ́ta síwájú gbogbo ẹ̀ka. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ra bẹ́líìtì àti okùn tirẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ akápò, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kó ẹrù gígùn wá yá a lọ́fẹ̀ẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́, àkàbà tàbí páìpù. Kí a yan ẹnì kan fún ẹrù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé pé òun ni ó yẹ ẹrù náà wò kí mọ́tò tó ṣí. Bí ó bá já, òun ni a ó bi. Ẹ̀kẹta, bí awakọ̀ bá ní òun kò ní ṣí nítorí pé ẹrù kò le, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé owó rẹ̀, kí a tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó sì wọ́ lójú mi.

Ní ti èmi, mo ti ra bẹ́líìtì mẹ́rin ní Onitsha níbí, mo sì ti tú àpò okùn kan. Lọ́la ni a ó di ẹrù. N kò ní wo aago. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá wa ní Auchi, a ó sùn ní Auchi, kí ẹ̀yin ará Lọ́kọ́jà má ṣe dààmú. Nígbà tí mo bá ń kọjá lọ́nà Uromi, mo ní láti yà kí ọmọ bíríkìlà náà. Apá rẹ̀ ti jinná, ó ti gba òmìnira iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní apá òsì náà kì í jẹ́ kí ó gbé bíríkì pẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ kí gbogbo ilé fún mi. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí omi ọdún yìí wá pẹ̀lú ẹ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹ̀ka